Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: bí a ṣe sọ igbó kékeré kan di kíláàsì àwọn ọmọdé

Igbó náà kò tóbi. Ẹni tó dúró létí rẹ̀ kan lè ké sí ẹni tó wà létí kejì, kí onítọ̀hún sì dáhùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá wà níbẹ̀: igi ńlá tó ṣíji bolẹ̀, igi kéékèèké tí ọmọ lè gùn, ilẹ̀ tó rọra lọ gẹ̀rẹ́ tí omi òjò fi ń rọ́nà ṣàn, àti ìtì igi kan tó ti wó tipẹ́tipẹ́, tí olú ń hù lára rẹ̀. Èmi àti àwọn tíṣà tí a jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ náà fẹnu kò pé àwọn ọmọ ọdún 4 sí 8 ni yóò máa lò ó ní òwúrọ̀, ọ̀sẹ̀ kan kò sì gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n má wọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ oòrùn.

Ohun kan ni mo dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ewu tí ọmọdé kò lè fojú rí, àgbàlagbà ni kó mú un kúrò. Èyí tí ọmọ lè rí, tó lè wò lókè wò nílẹ̀ kó tó pinnu, kí a fi sílẹ̀ fún un. Gbogbo ohun tí a ṣe níbẹ̀, àti gbogbo ohun tí a kọ̀ láti ṣe, orí èyí ni wọ́n dúró lé.

A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ní Dẹ́nmáàkì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ella Flautau a máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ àti ti aládùúgbò lọ sínú igbó. Ó wu àwọn òbí tó kù, wọ́n sì jọ sọ ọ́ di ilé jẹ́lé-ó-sinmi gidi. Ní 1993, àwọn ará kọ́lẹ́ẹ̀jì Bridgwater ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wo irú rẹ̀ ní Dẹ́nmáàkì, wọ́n sì gbé e wálé. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìlànà tí ẹ ó rí nísàlẹ̀ yìí ti tàn káàkiri: bí a ṣe ń jókòó yí iná ká, bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ lé ọmọ lọ́wọ́, àti bí a ṣe ń padà síbi kan náà léraléra títí ibẹ̀ yóò fi mọ́ ọmọ lára.

Wíwo ilẹ̀

Kí a tó gé ẹ̀ka kan ṣoṣo, a ń lọ, a ń bọ̀. A wò ó láàárọ̀, a wò ó lọ́sàn-án, a wò ó lẹ́yìn òjò, a sì wò ó nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́. Òjò ló fi hàn wá pé ibi tí gbogbo wa ti rò pé yóò dára fún ìjókòó, omi ló ń dúró sí níbẹ̀. Atẹ́gùn ló fi igi tó ń ké hàn wá. A tún rí ihò agbọ́n lára igi kan àti ojú ọ̀nà tí èèrà ń gbà. A ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà, a sì pín igbó náà sí mẹ́ta: apá kan tí a ó lò, apá kan tí yóò máa sinmi, àti apá kan tí ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀, àgbàlagbà pàápàá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè ìdí tí a fi pín in. Gbòǹgbò igi kì í fi bẹ́ẹ̀ jìn sílẹ̀ tó bí a ṣe máa ń rò. Púpọ̀ nínú àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa omi wà láàárín nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 tó wà lókè ilẹ̀, wọ́n sì nílò afẹ́fẹ́. Bí ẹsẹ̀ ọmọdé ogún bá ń tẹ ojú kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ yóò ki, afẹ́fẹ́ yóò kúrò nínú rẹ̀, omi òjò kò ní rọ́nà wọlé mọ́, igi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí. Èyí lè gba ọdún kí ojú tó rí i. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbé ìjókòó sí abẹ́ igi tó tóbi jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló rẹwà jù, tí gbogbo ẹni tó bá wọlé sì ń nàka sí i.

Òkè orí

Èyí ni iṣẹ́ tó gba owó àti àkókò jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka gbígbẹ tó há sókè láàárín ewé kò ní ìkìlọ̀ kankan fún ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Kò sí bí ọmọ ọdún márùn-ún ṣe lè mọ̀. A pe ẹni tó mọ iṣẹ́ igi gígé dunjú, tó ń gun igi pẹ̀lú okùn àti ìgbànú. Wọ́n yẹ igi kọ̀ọ̀kan wò láti ìdí dé orí. Wọ́n ń wá olú tó hù ní ìdí igi, nítorí ó lè jẹ́ àmì pé inú rẹ̀ ti ń jẹrà. Wọ́n ń wá ibi tí èèpo ti ṣí, àti oríta ẹ̀ka méjì tó la díẹ̀. Wọ́n fi òòlù onígi lu ara igi, wọ́n ń tẹ́tí sí i: igi tó le a máa dún gan-an, èyí tí inú rẹ̀ ti ṣófo a máa dún bòbò bí ìlù. Ẹ̀ka gbígbẹ tó wà lórí apá tí a ó lò, wọ́n gé gbogbo rẹ̀. Igi kan tó ti kú lórí ìdúró, a ní kí wọ́n gé orí rẹ̀ títí yóò fi kúrú ju àgbàlagbà lọ, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn kòkòrò àti ẹyẹ tó ń gbẹ́ ihò.

Lẹ́yìn èyí ni a ṣe òfin atẹ́gùn, kò sì sí ẹni tó lè yí i padà. Lórí ìwọ̀n Beaufort, tí a fi ń mọ bí atẹ́gùn ṣe le tó, atẹ́gùn ipele 5 (kìlómítà 29 sí 38 ní wákàtí kan) ni èyí tí igi kéékèèké tó ní ewé fi ń mì. Bó bá ti dé ibẹ̀, a kò wọgbó. Ní ti àrá, bí ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín mànàmáná àti ìró rẹ̀ kò bá pé 30, a ó kó àwọn ọmọ wọ ilé tó ní ògiri àti òrùlé, a kò sì ní jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Abẹ́ igi kì í ṣe ibi ìsádi lọ́wọ́ àrá. Tapólì tí a ó ta ṣe òrùlé, òun náà kì í ṣe é.

Ìjókòó

Ẹ̀ka ńlá tí wọ́n gé ni a fi ṣe ìjókòó. A fi ayùn gé wọn sí gíga méjì, sẹ̀ǹtímítà 28 fún àwọn ọmọ kékeré, 35 fún àwọn àgbà inú wọn, kí ẹsẹ̀ ọmọ lè tẹlẹ̀. Èyí tí ìbú rẹ̀ kò tó 30 máa ń ṣubú, nítorí náà a fi ìyẹn ṣe nǹkan mìíràn. A tò wọ́n yí ká kí ojú lè kan ojú. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló bó èèpo ara igi náà, pẹ̀lú ọwọ́ àti òkúta. Nígbà tí èèpo ń ṣí ni wọ́n rí ọ̀nà tóóró-tóóró tí kòkòrò ti jẹ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn sì yí padà pátápátá.

Tapólì

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí òrùlé tí a so dáadáa ló ń sọ òjò di ohun tí àwọn ọmọ ń retí.

Tapólì wa jẹ́ mítà 4 sí 6. A ta okùn kan láti igi dé igi, ó ga tó mítà méjì àtààbọ̀, kí àgbàlagbà lè rìn lábẹ́ rẹ̀ láìtẹrí. A kò fi okùn náà kan èèpo igi rárá. Abẹ́ èèpo gan-an ni oúnjẹ igi ń gbà kọjá láti ewé lọ sí gbòǹgbò, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ń ha á lójoojúmọ́ yóò gé ọ̀nà náà. Bẹ́líìtì fífẹ̀ ni a fi yí igi ká, a sì so okùn mọ́ ìyẹn.

Bí a ṣe ń fa tapólì le lórí okùn nìyí. Mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó di òrùka. Fi òrùka náà wé okùn ńlá nígbà mẹ́ta, kí o máa ki í gba inú ara rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ibi tí okùn ti wé tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láì gun ara wọn. Fà á le. Bí o bá fi ọwọ́ di kókó náà tí o sì tì í, yóò yọ̀ lọ lórí okùn ńlá. Bí ẹrù bá fà á, yóò dì í mú ṣinṣin. A fi irú rẹ̀ kan sí igun òsì, ọ̀kan sí igun ọ̀tún, a so igun tapólì mọ́ wọn, a wá tì wọ́n jìnnà síra títí tapólì fi nà tán. Igun kan ni a mú wálẹ̀ ju ìyókù lọ, kí omi òjò lè gba ojú kan ṣoṣo, kó sì bọ́ sínú gáráwá. Omi yẹn ni àwọn ọmọ fi ń po ẹrẹ̀.

Àwọn ọmọ kò lè ta kókó yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí tí a fi ń wọ́ igi. Yí orí okùn ká igi, mú un gba ẹ̀yìn okùn gígùn, kí o wá lọ́ ọ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí wọ́n bá ń fà á, ó ń le sí i, bí wọ́n bá sì dẹ̀ ẹ́, á tú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ èyí, kò sí igi tó wúwo jù fún wọn mọ́, wọ́n kàn ń pe ẹni sí i ni.

Bí a bá ti ń lọlé, a ó tú tapólì. Atẹ́gùn òru kò mọ ohun tí a so.

Omi ọwọ́ àti iná

Fún ọwọ́ fífọ̀, a lo kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí a gbé kọ́ sórí igi tó dábùú. A fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan sí iwájú rẹ̀, nísàlẹ̀ ọrùn díẹ̀, a so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀ wá sórí igi kékeré kan nílẹ̀. Ọmọ tẹ igi náà, kẹ́ẹ̀gì tẹrí ba, omi dà. Ọwọ́ kò kan nǹkan kan. Ọṣẹ wà nínú àpò oníhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti iná, a ha koríko àti ewé kúrò títí a fi kan iyẹ̀pẹ̀ lásán, a sì fi igi tútù mẹ́rin ká a mọ́. A kò lo òkúta odò, nítorí omi tó wà nínú rẹ̀ lè hó kí òkúta náà sì bú gbàmù. Láti etí iná dé ìjókòó jẹ́ mítà méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, ẹ̀yìn ìjókòó ló ń gbà, kì í gba àárín. Ẹni tó bá fẹ́ fi igi sí i yóò fi orúnkún kan kúnlẹ̀, kí ara rẹ̀ lè fà sẹ́yìn kíákíá bí ooru bá kọjá agbára rẹ̀. Gáráwá omi kò gbọdọ̀ jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí ewé bá gbẹ tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, iná kò sí lórí ètò.

Ohun tí a kọ̀ láti ṣe

Wọ́n bá wa dá a lábàá pé ká kọ́ ilé kékeré onípákó, ká gbé ohun tí ọmọdé fi ń yọ̀ wálẹ̀ síbẹ̀, ká kun ohun gbogbo ní ọ̀dà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì kọ̀. Ilé tí àgbàlagbà ti kọ́ tán, ọmọ kò ní iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀ ju kó wọlé kó jáde. Ní 1971, Simon Nicholson, oníṣẹ́ ọnà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí èyí: bí ohun tí a lè gbé, tí a lè tú, tí a lè pa pọ̀ bá ṣe pọ̀ tó níbì kan, bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n àtinúdá àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Kí ó tó kọ ọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é ní Emdrup, ní Copenhagen, olú ìlú Dẹ́nmáàkì, níbi tí ayàwòrán ilẹ̀ Carl Theodor Sørensen ti ṣí pápá ìṣeré tó kún fún pákó àti àjákù nǹkan ní 1943. Ó ti kíyè sí i pé àjákù ibi ìkọ́lé wu àwọn ọmọ láti fi ṣeré ju pápá tí òun fúnra rẹ̀ ti ya lọ.

Nítorí náà, òkìtì kan ni a ṣe. Igi gígùn, igi kúkúrú, igi tó ní oríta, pákó tí a ti yọ gbogbo ìṣó inú rẹ̀, okùn, aṣọ àtijọ́, òkúta pẹlẹbẹ, ike tó ti lu. A kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì dákẹ́.

Mo rí àwọn mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ gbé ìtì kan lé oríta igi. Ìtì náà gùn jù wọ́n lọ, ìdí rẹ̀ sì wúwo. Wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, ìdí yọ̀ lọ. Wọ́n tún gbé e, ó tún yọ̀. Tíṣà kan ti dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́, mo fojú bẹ tíṣà náà kó jókòó. Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wọn fi ẹsẹ̀ ti ìdí ìtì náà títí ó fi gún gbòǹgbò kan tó yọ sókè nílẹ̀. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan rọ́pò ọwọ́ kejì, ó ń rìn bọ̀ síhà ìdí, ìtì náà sì ń ga sí i bó ṣe ń bọ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń gbé àkàbà gígùn dìde gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ní kí àwọn méjì tó kù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó yẹ̀. Ìtì wọ oríta.

Gígun igi náà ní òfin tirẹ̀: ibi tí agbára rẹ bá gbé ọ dé ni kí o dé. Àgbàlagbà kì í gbé ọmọ lé ẹ̀ka, nítorí ọmọ tó gun igi fúnra rẹ̀ sábà máa ń mọ bí yóò ṣe sọ̀, èyí tí a gbé gùn kì í mọ̀. Iṣẹ́ wa ni kí a kó kùkùté àti igi ṣóńṣó kúrò nílẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Ellen Sandseter, onímọ̀ ará Nọ́wè, wo eré tó ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù tó sì ń dùn mọ́ wọn, ó sì rí oríṣi mẹ́fà: gíga, eré sísá, irinṣẹ́ tó mú, ibi iná àti omi, ìjàkadì, àti lílọ síbi tí ojú àgbà kò tó. Mo gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí àwòrán ilẹ̀ wa, mo sì rí i pé gbogbo wọn ní àyè.

Ti ìkẹyìn yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù ba àwọn òbí. A so aṣọ pupa mọ́ àwọn igi ààlà, ní ibi tí ojú ọmọ ga mọ, kì í ṣe ibi tí ojú àgbà ga mọ. Lẹ́yìn náà ni a sọ ọ́ di eré: àwọn ọmọ á fara pa mọ́, tíṣà á ké pé "Ẹ dà o?", wọ́n á dáhùn "A rèé o!" láti ibi tí wọ́n wà. Ọmọ tó bá gbọ́ "Ẹ dà o?" níbikíbi nínú igbó ti mọ ohun tó kàn.

Ẹrẹ̀, ewé àti ojú

A kì í gbá ilẹ̀ igbó náà. Àwọn òbí kan kọminú sí ìdọ̀tí, mo sì lóye wọn. Mo sọ ohun tí wọ́n ṣe ní Fínláǹdì fún wọn. Àwọn olùṣèwádìí kó ilẹ̀ igbó, tewétewé àti koríko rẹ̀, lọ sínú ọgbà àwọn ilé jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 máa fọwọ́ bà á lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 28. Irú bakitéríà tó wà lára awọ wọn pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ wọn sì fi àmì hàn pé agbára tí ara fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu nígbà tó bá ń bá àrùn jà ti le sí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020. Ti ojú tún wà níbẹ̀: ní Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 ní ìta gbangba kún ọjọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà, wọ́n sì fi mẹ́fà mìíràn sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, nínú 100 ọmọ tí wọ́n mú jáde, bí 30 ni ojú wọn kò rí ọ̀nà jíjìn dáadáa mọ́. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò ló mú mi fẹ́ràn ìtì tó wó yẹn. Àwọn ọmọ a máa rọra yí apá kan rẹ̀ sókè, gbogbo orí á papọ̀: ọ̀kùn tó ká jọ, ekòló tó ń fà padà sínú ilẹ̀, fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí olú ta sínú igi. Bí wọ́n ṣe yí i ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà, pẹ̀lú ọwọ́ méjì, ìdí sí ibi tí ìdí wà. Ọmọkùnrin kan kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Òun ló máa ń ka ẹsẹ̀ ọ̀kùn sókè fún gbogbo ẹgbẹ́, tí wọ́n á sì dúró dè é.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Ikán ti wọ ìjókòó méjì. A ó yọ wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì tó wó, a ó sì gé tuntun láti inú ẹ̀ka tó ṣẹ́kù. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìjókòó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Mo ti fi irin ṣóńṣó gún un wò, kò wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ tó, a ó kó gbogbo ìjókòó lọ sí apá tó ń sinmi, a ó gún ilẹ̀ ibi àtijọ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, a ó sì da èérún igi lé e tó sẹ̀ǹtímítà 10, láì jẹ́ kó kan ìdí igi kankan. Bẹ́líìtì ara igi yóò di títú kí a tún un so, nítorí igi ti sanra. Ẹni tó ń gé igi yóò padà wá yẹ orí igi wò ṣáájú kí a tó jókòó síbi tuntun. Àwọn ọmọ ti ń fi òkúta sàmì sí ibi tí wọ́n fẹ́ kí ìjókòó wọn wà, mo sì ti rí mẹ́ta tó wà lábẹ́ igi tó tóbi jù yẹn. Èmi àti wọn yóò jọ lọ wo ilẹ̀ ibẹ̀, kí n fi gbòǹgbò hàn wọ́n kí wọ́n tó pinnu.